Mo Fi Bí A Ṣe Ń Kan Ilẹ̀kùn Wa Han Ará Ìta

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá jókòó tì mí. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kò ní fò lọ. Ìwọ tó o dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọlé kó o pa ilẹ̀kùn dé, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí náà, níbi yòówù kí ẹ wà, ẹ sún mọ́ mi. Ọmọ mi ni gbogbo yín.

Ẹ mọ̀ mí sí ìyá ẹlẹ́rìn-ín. Bí àwọn ọmọ ọmọ mi bá pé sílé, ẹ̀rín mi a máa dé òpópónà. Ayé ti rọ̀ mí lọ́rùn, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti rántí rẹ̀, itọ́ ẹnu mi a korò, màá fẹ́ tu ú dànù. Ohun ẹ̀gbin ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe é.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ru ú sókè. Ó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ń lọ sókè òkun, òun ti rí ẹni tí òun máa lo ìwé rẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́. "Màmá àgbà, ojú wa jọra," ló wí. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Mo wò ó títí, mo ní kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń sọ fún yín.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo kó ọmọ mẹ́ta ti ìyá mi, mo gba ìwé àbẹ̀wò oṣù mẹ́ta, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú. Oṣù mẹ́ta pé, mi ò padà. Káàdì iṣẹ́ àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ti ń gbé níbẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ó ga jù mí lọ, imú rẹ̀ rí ṣóńṣó, tèmi rèé bí ẹ ṣe ń wò ó yìí. Ṣùgbọ́n lójú àwọn tó ń yẹ káàdì wa wò, ojú kan náà ni gbogbo wa ní.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń fi orúkọ olórúkọ pè mí. Níbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá pè é, n kì í dáhùn, wọ́n rò pé etí mi di. Nígbà tó yá, ìyá mi pe orúkọ mi gan-an lórí fóònù, mo bá ń wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló ń pè.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ilé ìwòsàn là ń fọ̀. Inú àpò pupa ni wọ́n máa ń dì í sí wá, èmi ni mo ń tú u. Ẹ̀jẹ̀, èébì, ìgbẹ́, ìtọ̀, báńdéèjì tó ti lẹ̀ mọ́ aṣọ pẹ̀lú ọyún. Lọ́jọ́ kan mo gbọn ìrọ̀rí kan, eyín àtọwọ́dá já bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, oúnjẹ kankan ò dúró nínú mi. Ọṣẹ apakòkòrò a ta mí nímú títí ojú mi á fi máa ṣomi. Nígbà náà, mo rò pé kò sí ohun tó lè rí mi lára ju àpò pupa yẹn lọ. Mi ò tíì mọ ara mi ni.

Yàrá kan ni àwa obìnrin mẹ́rin ń gbé, lókè kẹta. Ibùsùn mẹ́rin, fèrèsé kan, àdógán kékeré kan nígun. Aránṣọ wà níbẹ̀, ó ń tún aṣọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan, ó ní ìwé ìgbélùú. Akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ọmọdébìnrin tó ń kàwé ní yunifásítì, òun náà ní ìwé. Àwa méjì tí a ò ní ni èmi àti Ìyá Ìbora.

Ará agbo ilé ọkọ mi ni Ìyá Ìbora. Òtẹ́ẹ̀lì ló ti ń tún yàrá ṣe. Ìbora tí wọ́n bá fẹ́ kó dànù níbẹ̀, yóò gbé e wálé, yóò lẹ̀ ẹ́, yóò fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́jọ́ tí mo dé, tí òtútù fẹ́ já etí mi sọnù, òun ló ṣílẹ̀kùn. Kò béèrè ìgbà tí mo máa lọ. Ó ní, "Ìyàwó wa, bọ́ bàtà," ó sì da ìbora bò mí lórí bí ẹni bo adìyẹ.

Ọdún mẹ́sàn-án ti pé e níbẹ̀. Òfin ìlú náà nígbà yẹn ni pé ẹni tó bá lo ọdún mẹ́wàá láìjalè, láìjà, lè jáde síta kó lọ tọrọ ìwé tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin yẹn ń dúró dè láyé nìyẹn. Ìyá rẹ̀ kú nílé, kò lè lọ. Ọmọ rẹ̀ gbéyàwó, inú fọ́tò ló ti rí i. Ní ọjọ́ kìíní gbogbo oṣù, bó bá jí, kó tó kí ẹnikẹ́ni, yóò sọ iye oṣù tó kù. "Ó ku méjìlá." Àwa á ní, "Ẹ máa rójú ẹ̀, mà." Lóṣù tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ku mọ́kànlá.

Òun ló fi òfin ilẹ̀kùn lélẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa.

Ọlọ́pàá a máa lu ilẹ̀kùn bí ẹni ń lu ọmọ olóríkunkun. Onílé a máa kàn án lẹ́ẹ̀kan, á ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Tiwa yàtọ̀. Kàn án lẹ́ẹ̀mejì, dúró, kàn án lẹ́ẹ̀kan, kó o wá fi èékánná ha á wálẹ̀ díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kàn án lọ́nà mìíràn, a ó pa iná, a ó dákẹ́ bí òkú, títí tó fi máa lọ.

Lọ́jọ́ kan, ẹrù kún ọwọ́ Aránṣọ, ó kàn án láìha èékánná. Wákàtí kan àbọ̀ ló fi dúró síta, ó ń sọ pé, "Èmi ni o, ẹ jọ̀ọ́." Nígbà tó wá rántí ha á, Ìyá Ìbora ṣílẹ̀kùn fún un wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní, "Mo gbọ́ ohùn ẹ, àmọ́ mi ò gbọ́ èékánná ẹ." A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá. Aránṣọ ò bá wa rẹ́rìn-ín, ó ń yọ́ ọwọ́ lára àdógán.

Ní ibi iṣẹ́ mi, ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè wa, ó ti pẹ́ níbẹ̀, a máa ń pè é ní Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ torí pé kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ lè ṣí ìlú kan. Bó bá ń bọ̀, etí ni a fi ń mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò gbé mi délé lálẹ́. Ìyá Ìbora rí mi lójú fèrèsé.

"Ìyàwó wa, ta nìyẹn?"

"Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ni, mà. Wọ́n kàn ṣàánú mi ni."

"Àánú tó ń yíná mọ́tò sílẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín? Ọkùnrin tó ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn, tiwa nìkan ni ò ní. Ṣọ́ra ẹ."

Iwájú Aránṣọ àti Akẹ́kọ̀ọ́ ló ti sọ ọ́. Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà," ṣùgbọ́n mo dì í sínú. Àwọn nǹkan mìíràn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: pé ó máa ń ní kí n tún ilé ìwẹ̀ fọ̀, pé ó máa ń pa redíò mi. Nǹkan tí kò tó nǹkan. Èmi ni mo ń bọ́ ọ, tó sì ń dàgbà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ pè mí sí yàrá tí a ń kó àgbá ọṣẹ sí. Ó mú káàdì mi dání.

"Àǹtí, àwòrán inú káàdì yìí, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, sà."

"Nígbà wo lo wá pààrọ̀ imú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ tó o dé ni mo ti mọ̀," ló wí. "Mo kàn ń wò ẹ́ ni. Àwọn aṣọ́bodè tó ń mú àwọn tí kò níwèé ti kọ lẹ́tà sí wa, wọ́n ń bọ̀ wá yẹ gbogbo káàdì wò. Mo lè sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan níbí. Àmọ́ àwọn yẹn ò fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo. Tí mo bá fún wọn lẹ́nì kan níbòmíràn, wọ́n á fojú fo tiwa."

"Ẹnì kan bíi ta ni, sà?"

"Ìwọ lo máa sọ."

"Mi ò mọ ẹnì kankan."

"Kò burú. Wọ́n á mú ẹni tí èmi mọ̀ nìyẹn."

Ó wá rọ ohùn sílẹ̀, ó dà bí bàbá ẹni. Ó ní ìwé wà fún ẹni tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́, ìwé gidi, tí mo lè fi lọ sílé lọ wo àwọn ọmọ mi kí n sì padà wá. "Orúkọ ẹ gan-an ló máa wà níbẹ̀. Kí tiẹ̀ lorúkọ ẹ gan-an?"

Mo sọ ọ́. Ó tún un pè. Ẹ̀yin ọmọ, omi bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́ta ni ẹnì kankan ò ti pè mí bẹ́ẹ̀ lójúkojú.

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó. Kí n má purọ́ fún yín, ọjọ́ kan ni mo fi rò ó, méjì tó kù ni mo fi ń wá àwáwí. Mo fóònù sílé. Àbíkẹ́yìn mi gbé e. Mo ní, "Ọkọ mi, báwo ni?" Mo gbọ́ tó ń bi ìyá mi pé, "Ta nìyí?" Mo gbé ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn mọ́ra bí ìwé àṣẹ. Mo ní ṣé ẹ rí i báyìí, èmi náà lọ́mọ, èmi náà ń jìyà.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo bá Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ nídìí tábìlì tí a ti ń lọ aṣọ. Mo ní, "Ìyá kan wà."

"Ìyá tó ń wò mí lójú fèrèsé yẹn?"

"Òun ni, sà. Kò ní ìwé kankan."

Ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì wa sílẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀. Ó wá ní, "Àwọn èèyàn yìí kì í jálẹ̀kùn láìní ìwé adájọ́. Ṣé ìyá yẹn á ṣílẹ̀kùn fún wọn?"

"Kò ní ṣí i, àfi tó bá gbọ́ bí a ṣe ń kàn án."

"Báwo lẹ ṣe ń kàn án?"

Mo ká ìka mi, mo sì kàn án lórí tábìlì. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo dúró. Ẹ̀ẹ̀kan. Mo ha á.

Ó gbìyànjú ẹ̀ wò. Kò rí i ṣe dáadáa. Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó kan ẹyọ kan yẹn. Ẹ má kánjú." Ó tún un ṣe. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ibẹ̀ gan-an ló ń rí mi lára títí dòní. Èèyàn lè la ẹnu sọ̀rọ̀ nítorí ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n èmi dúró, mo kọ́ ọ bí tíṣà, mo tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe, mo sì yìn ín. Bí ẹni tó rí ìdin nínú ọbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán ni mo ṣe máa ń rí bí mo bá rántí. Ìka yìí nìyí. Ẹ wò ó. Mo ti fi bọ inú gbogbo ẹ̀gbin tó wà nínú àpò pupa, mo fọ̀ ọ́, ó mọ́. Ti orí tábìlì yẹn ò lọ.

Ó ní, "Alẹ́ Ọjọ́bọ mọ́jú Ẹtì. Rí i pé o wà níbi iṣẹ́." Ó tò mí sí iṣẹ́ alẹ́.

Alẹ́ Ọjọ́bọ, mo lọ. Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá fi yọ iná, omi ya kún ilẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo wa máa lọ sílé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n nu ilẹ̀ mọ́jú. Wọ́n ní kí ló ń ṣe obìnrin yìí. Mo rìn ká ìlú títí òtútù fi lé mi wálé. Mo kan ilẹ̀kùn bí a ṣe ń kàn án.

Ìyá Ìbora ló ṣí i. "Ìyàwó wa, ó yá tó báyìí?"

"Ẹ̀rọ bà jẹ́, mà."

"Ó mà ṣe o. Jókòó, jẹ́ n gbé omi gbígbóná kaná fún ẹsẹ̀ ẹ." Ó gbé bésìnì wá. Ó ń fi ọwọ́ da omi náà wò bóyá kò gbóná jù. Ó ní, "Ilẹ̀ bá mọ́, ọjọ́ kìíní oṣù ni. Ó ku mẹ́wàá." Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá wo ojú mi. "Kí ló ń ṣe ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi. "Ẹ dìde, mà, ẹ sá." Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. Bí mo bá sọ ọ́, á bọ́, wọ́n á sì mú èmi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Kò sí nǹkan, mà. Ó rẹ̀ mí ni."

Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìbora rẹ̀. Mi ò sùn. Odidi òru ni Ọlọ́run fún mi láti ronú pìwà dà, mo fi ń gbàdúrà pé kí wọ́n ṣìnà.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n dúró. Ẹ̀ẹ̀kan. Èékánná.

Aránṣọ ti ń fi ojú oorun dìde láti lọ ṣí i. "Ta ló jáde nínú wa?"

Ìyá Ìbora di aṣọ rẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí ibùsùn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìwọ rèé. Akẹ́kọ̀ọ́ rèé. Èmi rèé. Ìyàwó wa nìyẹn." Ó tún wo ibùsùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Gbogbo wa la pé."

Wọ́n tún kàn án. Kò yàtọ̀ rárá. Wọ́n tiẹ̀ dúró ibi tó yẹ kí wọ́n dúró.

Akẹ́kọ̀ọ́ wo Aránṣọ, Aránṣọ wò mí. Ìyá Ìbora ni kò kọ́kọ́ wò mí. Ó ń gbọ́ kíkàn náà bí ẹni ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó wá yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀.

"Ta lo fi hàn?"

"Mi ò mọ nǹkan tí ẹ̀ ń sọ, mà."

"Kò ṣì í kàn níbì kankan," ló wí. "O kọ́ ọ dáadáa."

Ó dìde, ó wé gèlè, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣílẹ̀kùn. Ó ní òun ò ní pa mọ́ sábẹ́ ibùsùn fún ẹni tó ti mọ ọ̀nà ilé.

Àlejò mẹ́ta ló wọlé, ọkùnrin méjì, obìnrin kan tó mú ìwé dání. Wọn ò kánjú. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn wa pẹ̀lú bàtà. Wọ́n tú àpótí, wọ́n gbọn ìrọ̀rí, wọ́n yẹ inú ìkòkò wò. Wọ́n gba ìwé Aránṣọ, wọ́n bi í ní ìbéèrè bí ogún. Ti Akẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí ọmọ náà fi ń sunkún. Ó kàn mí. Obìnrin náà wo káàdì tí imú rẹ̀ rí ṣóńṣó, ó wo imú mi, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó dá káàdì mi padà. Kò bi mí ní nǹkan kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ nu ojú. "Àǹtí, wọn ò bi ẹ̀yin léèrè nǹkan."

Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé ọmọ náà ò tíì mọ ìdí rẹ̀. Mo wò ó bó ṣe ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ n sọ ìyókù kí n tó parí, torí mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Ìwé wo? Títí dòní, mi ò rí i. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ní kí n ní sùúrù, ó di oṣù keje. Ní oṣù keje, àwọn aṣọ́bodè wá sí ilé ìfọṣọ gan-an. Nígbà tí wọ́n bi í nípa mi, ó ní òun ò mọ̀ pé káàdì mi kì í ṣe tèmi. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Wọ́n dá mi padà sórílẹ̀-èdè wa, aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn mi ni mo wọ̀ délé. Orí káàdì yẹn kan náà ni wọ́n ti fẹ̀sùn kan àbúrò ọkọ mi, ìyẹn náà sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń lọ sókè òkun, o gbọ́ ìyẹn, àbí o ò gbọ́? Ẹni tó fẹ́ yá ẹ níwèé yẹn, ṣé o bi í léèrè?

Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìyá Ìbora padà sílé, ó gbé ọdún mẹ́rìnlá sí i ní agbo ilé wa kó tó kú. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá pàdé lójúde, á ní, "Ìyàwó wa, ṣé dáadáa ni?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ síwájú ilé rẹ̀ láti lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo gbé ọwọ́ sókè sí ilẹ̀kùn, ìka mi ò lè kàn án. Mo padà sílé.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbé ayé láìníwèé ń mú èèyàn bẹ̀rù, ẹ̀rù yẹn sì máa ń wá ẹni tó máa jẹ. Mo rò pé èmi á kàn sá fún ọlọ́pàá ni. Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n máa rán.

Ẹ jẹ́ ká padà sí yàrá yẹn.

Wọ́n ní kí Ìyá Ìbora di ẹrù rẹ̀. Odidi ọdún mẹ́sàn-án, àpò kan ló kún. Kò kó ìbora kankan. Mo fẹ́ bá a gbé àpò náà, ó gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí Aránṣọ àti Akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ pààrọ̀ bí ẹ ṣe ń kanlẹ̀kùn," ló wí. "Kí ìyàwó wa má wà níbẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é."

Àwọn àlejò náà ṣáájú, ó tẹ̀ lé wọn. Mo ń gbọ́ bàtà wọn lórí àtẹ̀gùn láti òkè kẹta dé ìsàlẹ̀, mo sì ń gbọ́ tirẹ̀ láàárín, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ṣí, ó padé. Ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé lójú fèrèsé, ilẹ̀ mọ́, ọjọ́ kìíní oṣù ni.

Ó ku mẹ́wàá.